Ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo fa omi wọ inú kọ̀ǹpútà mi

Fídíò ìgbéyàwó ni iṣẹ́ mi, ilé ni mo sì ti ń ṣe é, n'Íbàdàn. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí lè rò pé ọjọ́ òde ló le jù. Rárá o. Ọjọ́ òde ń parí lálẹ́. Lẹ́yìn òde ni wàhálà wà: fídíò wákàtí mẹ́fà, méje, tí mo gbọ́dọ̀ gé, kí n tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, kí n tó ní kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Pípapọ̀ yẹn là ń pè ní réńdà. Bí réńdà bá ń lọ lọ́wọ́ tí NEPA mú iná, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi jọ mí lójú tó bẹ́ẹ̀, tí mo fi kó wọ ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí.

Lọ́dún 2018, mo fi owó tí mo kó jọ fún ọdún méjì ra àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní Computer Village n'Íkẹjà, mo sì tò ó fúnra mi nílé. Intel Core i7-8700K ni ọpọlọ rẹ̀. Kọ́ọ̀ 6 ló ní, ìyẹn ẹ̀ka mẹ́fà tó lè jọ máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà K tó wà nídìí orúkọ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ó túmọ̀ sí pé àwọn tó ṣe é kò fi àgádágodo sí eré rẹ̀. Ẹni tó bá ní motherboard (pátákó tí a ń to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí) tó bá a mu lè wọ inú BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé, kó sì ní kó máa sáré ju bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá lọ. Overclock ni wọ́n ń pè é. Bí mi ò bá fọwọ́ kàn án, tí kọ́ọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ ń ṣiṣẹ́, 4.3 GHz ló ń sá; GHz ni wọ́n fi ń wọn eré ọpọlọ. Ibi gbogbo tí mo bá ti kà nípa rẹ̀, 5 GHz ni wọ́n ń pariwo. Mo ní èmi náà á dé ibẹ̀.

Ọpọlọ yìí kì í bá fáànù wá nínú páálí, èyí tí mo sì rà sí i kò gbé 5 GHz. Mo bẹ̀rẹ̀ réńdà, kò tó ìṣẹ́jú kan, ooru rẹ̀ ti dé 100 °C. Bó bá ti dé ibẹ̀, ọpọlọ náà máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná, nítorí náà 5 GHz tí mo kọ sínú BIOS, inú BIOS ló mọ. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa fífi omi tu kọ̀ǹpútà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ju ti ọkọ̀ lọ. Pẹlẹbẹ bàbà kan wà tí a dè mọ́ orí ọpọlọ, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, pọ́ǹpù ń ti omi náà lọ sínú rédíétọ̀, fáànù ń fẹ́ ooru kúrò lára rédíétọ̀, omi á sì tún padà wá. Mo lóye ìyẹn dáadáa. Ohun tí mo ra ni mi ò lóye. Owó ti ń tán lọ́wọ́ mi, mo wá ń fi ohun tó wà nítòsí dí ipò ohun tó yẹ. Pẹlẹbẹ bàbà àti pọ́ǹpù, ojúlówó ni mo rà. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ tòkunbọ̀ ni mo rà, alumíníọ́mù ni wọ́n sì fi ṣe é, nítorí iye rẹ̀ kò tó ìdajì ti oníbàbà. Rọ́bà tí omi ń gbà kọjá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́ ni mo ti rà á, irú rọ́bà tó mọ́ gaara táwọn bíríkìlà fi ń wo lẹ́bẹ́ẹ̀lì. Omi inú rẹ̀, píọ̀ wọ́tà ni. Mo rò pé omi tó mọ́ fún ẹnu á mọ́ fún irin. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló padà wá bá mi jà, wọn kò sì wá lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní 2019 ni mo gbé e dé 5 GHz. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oṣù náà sọ́kàn. Ọyẹ́ ń fẹ́ gidi, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, yàrá mi wà ní 23 °C. Mo gbé fóltéèjì ọpọlọ sí 1.36, mo fi Prime95, ètò tó ń fi iṣẹ́ ńlá dán ọpọlọ wò, lé e fún 20 ìṣẹ́jú, ooru kò kọjá 75 °C. Inú mi dùn débi pé mo jí ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí ló wá yí padà?" Mo ní réńdà tó ń gba wákàtí kan, ìṣẹ́jú 52 ni yóò máa gbà báyìí. Ó ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́jọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó padà lọ sùn. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi.

Oṣù Kẹta ni ìyà dé. Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn mọ bí oṣù Kẹta ṣe ń rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Yàrá mi ń dé 34 °C lọ́sàn-án. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì láàárín réńdà, ojú rẹ̀ á di búlúù, á pa ara rẹ̀, á tún ara rẹ̀ tàn. Mo ní NEPA ni. Mo ra UPS, kò yí padà. Mo ní Windows ni. Mo pa á rẹ́, mo tún un fi sí i, kò yí padà. Mi ò tilẹ̀ ronú kan 5 GHz, nítorí lójú mi, mo ti dán ìyẹn wò, ó ti yege.

Èyí tó ń kú yẹn ṣì sàn. Èyí tí kò kú ló bà mí lórúkọ jẹ́. Fídíò ìgbéyàwó kan parí réńdà wọ́ọ́rọ́wọ́, mo wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo wo ìparí rẹ̀, mo gbé e fún àwọn tó ni ín. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá ìyàwó pè mí. Kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Ọmọ mi, ibi tí bàbá rẹ̀ ti gbé ọwọ́ lé e lórí, tó ń súre fún un, nǹkan aláwọ̀ ewé kan bo ojú àwọn méjèèjì." Mo sáré ṣí i. Òótọ́ ni. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú bàbá arúgbó náà, ẹnu bàbá ń mì, ohùn rẹ̀ ń jáde ketekete, ojú wọn sì ti di àwọn igun mẹ́rin mẹ́rin aláwọ̀ ewé. Mo tọrọ àforíjì títí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì pa ohun tí kámẹ́rà gbà rẹ́, mo tún un ṣe, mo sì gbé e lọ sílé wọn fúnra mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó àwọn ẹbí jọ wo ti àkọ́kọ́ ná.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà rèé: ọpọlọ tí a lé ju agbára rẹ̀ lọ kì í fìgbà gbogbo dákú. Ó lè máa bá ìṣirò lọ kó sì máa ṣì í, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Windows máa ń kọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ tó bá rí sílẹ̀ nínú Event Viewer, WHEA ni orúkọ tó ń fún un. Nígbà tí mo ṣí ibẹ̀ wò, mo bá wọn níbẹ̀ lọ rẹrẹ, láti ìparí oṣù Kejì. Kọ̀ǹpútà ti ń ké látọjọ́ yìí, n kò ya ibẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ wá ńkọ́? Omi inú rédíétọ̀ kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lára lọ láéláé. Bí yàrá bá fi 11 °C gbóná sí i, omi náà á fi tó bẹ́ẹ̀ gbóná sí i, ọpọlọ á tẹ̀ lé e. Nítorí náà 75 °C tí mo rí láàárọ̀ ọyẹ́ ti di 86 °C lọ́sàn-án oṣù Kẹta láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ọpọlọ bá ṣe ń gbóná tó ni fóltéèjì tó ń fẹ́ kó tó lè dúró lórí eré kan náà á ṣe máa pọ̀ tó. Àwọn tí mo ń ka ìwé wọn, ìlú òtútù ni wọ́n wà. Yàrá wọn jẹ́ 21 °C lọ́dún tán. Ẹni tó bá wà níhìn-ín tó fẹ́ dán ti tirẹ̀ wò, oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta ni kó ṣe é, aago méjì ọ̀sán, kó ti fèrèsé bó ṣe máa ń tì í nígbà iṣẹ́. Kó má sì fi ogún ìṣẹ́jú mọ. Omi ń pẹ́ kó tó gbóná tán. Ó lè tó ìdajì wákàtí kí ooru tó dúró sójú kan, nítorí náà gbogbo ìdánwò tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ ń parí kí ìdánwò gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Èmi a máa fi réńdà gidi dán an wò báyìí, ó kéré tán wákàtí mẹ́rin, tí mo bá sì parí, màá wo inú Event Viewer.

Ó yẹ kí n ti padà sẹ́yìn lọ́jọ́ tí ìyá yẹn pè mí. Mi ò ṣe ju kí n bọ́ sí 4.9 GHz lọ. Mo ti sọ 5 GHz fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe fídíò, ojú ń tì mí.

Láti oṣù Kẹfà, ooru ọpọlọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, òjò sì ti ń rọ̀, yàrá ti tutù. Rọ́bà tó mọ́ gaara ti funfun bí omi ògì. Mo rò pé ó kàn gbó ni. Nígbà tí mo tú pẹlẹbẹ bàbà, mo rí ohun tó wà nínú rẹ̀: àwọn ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà ti dí. Èéhù aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, irú èyí tó ń hù nínú ike omi tí oòrùn ń pa. Lẹ́búlẹ́bú funfun náà wà níbẹ̀. Èéhù wá láti inú omi tí mo lò láìfi oògùn kankan sí i. Lẹ́búlẹ́bú funfun wá láti ara rédíétọ̀. Bàbà àti alumíníọ́mù kì í gbé inú omi kan náà: wọ́n á dà bí bátìrì, alumíníọ́mù á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Píọ̀ wọ́tà tún mú un yá, torí èròjà ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ọdún kan kò pé, rédíétọ̀ mi ti ń yọ́ wọ inú omi, ó ń dí ọ̀nà tó yẹ kí ooru gbà jáde.

Mo fọ ọ́, mo tún un tò, mo sì lo rọ́bà kan náà. Àṣìṣe tó náni jù nìyẹn.

Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù Kẹsàn-án. Mo gbọ́dọ̀ gbé fídíò kan lọ lọ́jọ́ kejì. Ojú tẹlifísàn kọ̀ǹpútà ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n fáànù ṣì ń yí. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ kan graphics card, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ó tutù, ó rin. Rọ́bà tí omi gbígbóná ti mú rọ̀ ti yọ díẹ̀ níbi tí kílíìpù ti dì í mú lórí ọpọlọ, graphics card ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, òun ló ń gba gbogbo ẹ̀kán omi náà. Mo yọ wáyà kúrò lára ògiri. Títí dé ibẹ̀, ohun tó tọ́ ni mo ṣe. Ká ní mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, bóyá ì bá yè. Àmọ́ mo ń ro fídíò ọ̀la. Mo mú ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun, mo fẹ́ ẹ fún wákàtí kan, mo fọwọ́ pa á, ó gbẹ lójú, mo tan iná. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ẹ̀ka gbígbẹ bá ṣẹ́, òórùn rẹ̀ tẹ̀ lé e. Graphics card lọ. Ohun tó wúwo jù nínú kọ̀ǹpútà náà ni, òun ló gba owó mi jù.

Mo ti kà á pé omi tí kò ní èròjà kankan nínú kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná kọjá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n píọ̀ wọ́tà kì í ṣe irú omi bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó sì ti ń yí kiri nínú irin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sùn sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi lóru náà, mo fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ parí iṣẹ́. Fún oṣù méjì lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tí mo bá gbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ṣe é. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mi ò fẹ́ rí omi nínú kọ̀ǹpútà mọ́ láyé mi.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún AC àti fíríìjì ṣe ládùúgbò wa ló yí mi lérò padà, kò sì mọ̀ pé òun ṣe é. Ó wá tún fíríìjì wa ṣe, ó rí àwọn ẹ̀yà náà lórí tábìlì, ó ní kí ni wọ̀nyí. Mo ṣàlàyé. Ó wo àpótí pákó tí mo gbé kọ̀ǹpútà sí nítorí eruku àti nítorí àwọn ọmọ, èyí tó ní ilẹ̀kùn níwájú tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fara ti ògiri. Ó ní, "Àbúrò, inú ibí yìí lo gbé rédíétọ̀ sí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní, "Tí mo bá gbé ẹ̀rọ ìta AC sínú yàrá tí AC náà ń tù, ṣé yàrá yẹn á tutù?" Mi ò lè dá a lóhùn. Ó ní, "Ooru kì í kú o. Ṣe lò ń gbé e láti ibì kan lọ síbòmíràn. Níbo lo fẹ́ kí eléyìí gbà jáde?"

Mo ti ka gbogbo ìwé, mo mọ orúkọ gbogbo irin, mi ò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí.

Mo tún un tò lóṣù Kejìlá. Lọ́tẹ̀ yìí mo tú u kúrò nínú àpótí pákó, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, rédíétọ̀ ń fẹ́ síta. Rédíétọ̀ oníbàbà ni mo rà. Rọ́bà tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà ni mo rà, pẹ̀lú àwọn orí onírin tí a ń yí dè é, kì í ṣe kílíìpù. Ní ti omi, èyí tí mo wá káàkiri wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bátìrì ìnfátà: omi bátìrì tí a fi ń kún bátìrì, ìyẹn omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ gan-an, torí ásíìdì bátìrì náà wà lórí káńtà kan náà, inú ike tó jọra. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ tún bi ẹni tó ń tà á. Mo wá fi oògùn tó ń pa èéhù kán sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà fún omi kọ̀ǹpútà.

Kí n tó jẹ́ kí iná kan motherboard, mo dán jíjò rẹ̀ wò. Mo yọ gbogbo wáyà iná kúrò lára motherboard àti graphics card, pọ́ǹpù nìkan ni mo fi sílẹ̀. Lórí wáyà ńlá oní-ihò 24 tó ń ti pọ́wà (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) wá, mo fi píìnì ìwé tẹ̀ láti ihò wáyà aláwọ̀ ewé kan dé ihò wáyà dúdú kan. Bí pọ́wà ṣe ń tàn láìsí motherboard nìyẹn. Mo fi tíṣù yí gbogbo oríkèé ká, kí n lè rí ẹ̀kán omi tó bá kéré jù. Mo da omi sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń tan pọ́ǹpù, mo ń pa á, kó má baà yí nínú òfìfo, torí gbígbẹ ń pa á. Mo ń gbé kọ̀ǹpútà náà dẹ̀gbẹ́ sọ́tùn-ún sósì kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Lẹ́yìn náà mo fi sílẹ̀ kó máa yí fún wákàtí 24, lórí ìnfátà, torí NEPA kò lè fún mi ní wákàtí 24. Tíṣù kan rin ní wákàtí kẹta. Mo tú orí náà, mo rí i pé rọ́bà róbótó tó wà nínú rẹ̀ ti ká, mo tún un fi sí i, mo tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá jókòó ti eré. Mo fi HWiNFO, ètò tó ń fi ooru àti iná inú kọ̀ǹpútà hàn, wo iná tí ọpọlọ ń jẹ nígbà réńdà. Bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, 4.3 GHz, wátì 110. Ní 5 GHz pẹ̀lú fóltéèjì 1.36, wátì 170. Iná tí ọpọlọ ń jẹ ń bá eré gòkè, ṣùgbọ́n ó ń bá fóltéèjì gòkè lọ́nà ìlọ́po ara rẹ̀, fóltéèjì ló sì ń gbé eré tó kẹ́yìn. Wátì 60 ni mo ń san fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn, iná tó ń yí fáànù òkè àjà kan, gbogbo rẹ̀ ló sì ń di ooru nínú yàrá tí èmi fúnra mi jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi padà sí mi lọ́kàn. Mo bọ́ sí 4.7 GHz. Mo ń fi 0.01 dín fóltéèjì kù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, màá ṣe réńdà, màá wo Event Viewer. Níbi tí àṣìṣe ti kọ́kọ́ yọjú, mo fi ìgbésẹ̀ méjì padà sókè, ó sì dúró ní 1.24. Wátì 133, ìṣẹ́jú 55. Ẹ má fi 1.24 yìí sí tiyín o. Ọpọlọ méjì tí orúkọ wọn bára mu kì í rí bákan náà, tiyín lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS, ẹ fi bírò kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sórí ìwé. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ yọ wáyà lára ògiri, ẹ yọ bátìrì róbótó CR2032 tó wà lórí motherboard fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á gbàgbé ohun tí ẹ kọ, á padà sí ti ilé-iṣẹ́. Ìgbà mẹ́rin nìyẹn ti yọ mí. Tí ẹ bá fẹ́ fi BIOS tuntun sí i, ẹ má ṣe é lórí iná NEPA lásán, torí bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, motherboard lè má jí mọ́.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì yọ eruku lára rédíétọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń pààrọ̀ omi, tíṣù sì ṣì wà níbi oríkèé tó wà lókè graphics card. Mo lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, oṣù Kẹta kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ ohun tí mo bá rí sórí rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Èyí tó kẹ́yìn kà báyìí: yàrá 33, omi 41, ọpọlọ 74, WHEA kò sí.